Ohun Tí Ọwọ́ Mi Sọ Lọ́jọ́ Òjò

Ọjọ́bọ̀, 4 oṣù Kẹfà

Ọmọbìnrin ilé ìwòsàn yẹn ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní kíláàsì kẹta ni mo dé, kí ni mo fẹ́ kọ? Ó ní kí n kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa fi yíǹkì pupa sàmì sí i. Mo ra ìwé kan níwájú ilé ìwòsàn, ìwé ọmọ iléèwé, wọ́n ya labalábá sí ẹ̀yìn rẹ̀. Owó rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì iye tí mo mọ̀ ọ́n sí. Nítorí owó yẹn nìkan, mo máa kọ ọ́.

Láti ìgbà tí Ọ̀gá ilé ìkọ́ṣẹ́ ti ní kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọ òun ní búrẹ́dì ṣíṣe ni ara mi ò ti balẹ̀. Gbogbo òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú tí mo bá ti fẹ́ wọ kíláàsì, àyà mi á há, ọwọ́ mi á tutù, òógùn á bò mí. Mo rò pé ikú ló ń bọ̀. Mo lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà fi ẹ̀rọ gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù títí, ó ní ọkàn mi le bíi ti ẹni ogójì ọdún. Ó wá ní kí n lọ rí ọmọbìnrin kan ní yàrá tó kẹ́yìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun ni àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀ máa ń bá sọ̀rọ̀. Mo bi í bóyá orí mi ló rò pé ó dàrú. Ó ní rárá o. Mo ní ó dáa, mo máa lọ, kí ọmọ náà lè fojú ara rẹ̀ rí i pé orí mi pé.

Elétí ni mo sọ ọ́, nítorí etí nìkan ló fi ń ṣiṣẹ́. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó jókòó, ó ń wò mí, kò sọ nǹkan kan. A jọ dákẹ́ títí, èmi ni mo kọ́kọ́ la ẹnu, ó sì dùn mí pé èmi ni. Mo sọ fún un pé ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mo fi ṣe búrẹ́dì, pé àwọn èèyàn ń wọkọ̀ wá ra tèmi, pé bí kì í bá ṣe ti orúnkún mi, mi ò ní ti ilé búrẹ́dì mi pa. Ó ní, "Kí wá lẹ̀ ń bẹ̀rù, Màmá?"

Mo ní mi ò bẹ̀rù nǹkan kan. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Inú bí mi.

Ó ní nígbàkígbà tí àyà mi bá já, kí n kọ ohun tí mo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀, kí n wá kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 8

Ohun tí mo rò: wọ́n máa mọ̀ pé mi ò mọ nǹkan kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀: wọn ò tíì mọ̀.

Àwọn méjìlá ni. Wọ́n á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀, Tíṣà." Ó máa ń ṣe mí bíi kí n bojú wẹ̀yìn wo tíṣà tó ń bọ̀. Ọ̀kan wà nínú wọn tí mo ń pè ní Oníbéèrè. Ó ti jáde yunifásítì kó tó wá kọ́ búrẹ́dì. Lónìí ó nawọ́, ó ní kí ló dé tí ìyẹ̀fun tí a pò fi máa ń wú. Mo mọ bó ṣe ń wú. Mo mọ ìgbà tó wú tó, mo mọ ìgbà tó wú jù. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi ń wú, ta ló bi mí rí? Mo ní a máa débẹ̀ tó bá yá. Mo ní mo fẹ́ mú iyọ̀, mo wọ sítọ́ọ̀, mo jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun títí èémí mi fi wálẹ̀.

Ọkùnrin sítọ́ọ̀ bá mi níbẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń gbálẹ̀ sítọ́ọ̀ lóòjọ́. Kò bi mí ní ohunkóhun. Ó bu omi fún mi, ó ní iyọ̀ wà lórí pẹpẹ.

Ọ̀gá ní àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù tó ń bọ̀. Bí ohun tí wọ́n bá rí ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n máa ti kíláàsì búrẹ́dì pa, àwọn ọmọ méjìlá yẹn á sì lọ láìgba ìwé ẹ̀rí. Ó sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 10

Òjò. Búrẹ́dì dáa. Ọkàn mi lù kíkan, ó sì rọlẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 11

Elétí bi mí pé ta ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé mi ò mọ nǹkan. Mo ní ta ló tó bẹ́ẹ̀? Ó tún bi mí. Mo ní, "Ọmọ mi, ìyẹ̀fun ni mò ń pò. Mi ò wá síbí kí o wá máa po èmi náà."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. Mo fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀ nítorí ìyẹn, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó mọ̀.

Ó ní kí n lọ kọ ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ tí kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́ ọ. Mo ní mi ò ní kọ ọ́. Mi ò sì ní padà síbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 14

Òjò kò dá láti Ọjọ́ Ẹtì. Aṣọ tí mo sá sínú ilé ń rùn.

Àbígbẹ̀yìn mi wá kí mi. Mo bi í bóyá lójú tirẹ̀ mo mọ nǹkan. Ó wò mí bíi pé mo bi í bóyá omi máa ń tutù. Ó ní èmi tí mo kọ́ dókítà bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú! Òótọ́ ni, mo kọ́ ọ, kò mọ̀ ọ́n dì mú. Mo ní ẹnu nìyẹn. Ó ní kí ló tún kù lẹ́yìn ẹnu? Mo fọwọ́ lé àyà mi. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó dìde, ó fọ gbogbo abọ́ ilé láìjẹ́ pé mo rán an, ohun tí kò ṣe mọ́ láti ìgbà tó ti lọ sílé ọkọ.

Lẹ́yìn tó lọ ni mo kọ mẹ́rin nínú ohun tí ọwọ́ mi mọ̀, kì í ṣe nítorí Elétí.

Mo mọ ooru ààrò tí mo bá na ọwọ́ sí ẹnu rẹ̀ tí mo kà dé mẹ́jọ. Mo mọ búrẹ́dì tó jiná tí mo bá kan ìdí rẹ̀ kọ̀ọ̀ bí ilẹ̀kùn. Mo mọ ìyẹ̀fun tó ti fa ọ̀rinrin mu kó tó kan omi. Mo mọ èyí tí ẹni tó ń bínú pò.

Ọjọ́ Ajé, 15

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ ti òní.

Ọ̀gá fún mi ní ìwé kan tí wọ́n tẹ̀, ìwọ̀n ìyẹ̀fun, ìwọ̀n omi, ìwọ̀n iyọ̀ àti yíìsì. Ó ní bí àwọn alábẹ̀wò ṣe fẹ́ kí a máa kọ́ni nìyẹn. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Àwọn ọmọ wọn ìyẹ̀fun. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Òjò ọjọ́ mẹ́ta ti wọ inú rẹ̀. Bí èmi bá dá wà ní ilé búrẹ́dì mi ni, mi ò ní bu omi tó wà nínú ìwé yẹn tán. Máa dín in ku, ọwọ́ mi ń sọ fún mi. Mo gbójú sókè, Oníbéèrè ń wo ìwé ara ògiri, ó sì ń wo èmi. Mo ní kí wọ́n da gbogbo omi náà sí i.

Ó ṣàn bí ẹrẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́. A gbé e wọ ààrò bẹ́ẹ̀, ohun tó jáde pẹlẹbẹ bí bàtà. Méjìlá, gbogbo wọn. Ọ̀gá sì yọjú lásìkò yẹn gẹ́lẹ́, ó ní kí ló ṣẹlẹ̀.

Mo ní ìyẹ̀fun ló bàjẹ́. Mo ní wọn ò tọ́jú rẹ̀ dáadáa ní sítọ́ọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Wọ́n ti kọ ìwé sí ọkùnrin sítọ́ọ̀ pé kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Wọ́n lè lé e. Ọ̀gá ló pè mí lórí fóònù láti sọ ọ́, ó ní kí n má bínú pé wọ́n ba iṣẹ́ mi jẹ́. Ó bẹ̀ mí! Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́rú, 17

Mi ò lọ. Mo ní orúnkún ń dùn mí. Orúnkún mi ò dùn mí.

Ọjọ́bọ̀, 18

Mo padà sọ́dọ̀ Elétí. Kò sí ibòmíràn tí mo lè gbé e lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìmí, mo wá ń retí kó ní kí n lọ jẹ́wọ́. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Nígbà tí ọwọ́ yín sọ pé omi ti pọ̀ jù, ohùn ta lẹ tún gbọ́?"

Mo fẹ́ purọ́. Irọ́ ti sú mi. Mo sọ fún un nípa olùkọ́ wa ní kíláàsì kẹta. Ó ní kí n dìde kàwé. Mi ò lè kà á, àwọn lẹ́tà ń rìn káàkiri ojú ìwé bí èèrà. Ó mú mi síwájú, ó kọ ojú mi sí ògiri, ó sọ fún gbogbo kíláàsì pé òkúta ló wà nínú orí ọmọ yìí, kí wọ́n má fi àkókò ṣòfò lórí mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Lọ́jọ́ kejì mo gba ilé búrẹ́dì àbúrò ìyá mi lọ, mi ò padà sí iléèwé mọ́. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí ó fi kú.

Elétí ní, "Olùkọ́ náà ńkọ́, ó wà láyé?"

"Ó ti kú láti ogún ọdún."

"Ta ló wá ń bá yín sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di Ọjọ́ Ajé tó kọjá?"

Mo wo fèrèsé. Wọ́n gbin òdòdó kan síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bomi rin. Mo ní, "Èmi náà ni."

Mo sunkún. Ó sún àpótí tíṣù sún mọ́ mi, mo ní aṣọ ìnujú mi wà lápò.

Lẹ́yìn náà ó bi mí pé bí mo bá sọ òótọ́ lọ́jọ́ Ajé, kí ló burú jù tó lè ṣẹlẹ̀. Mo ní wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ó ní bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín ńkọ́? Mo ronú sí i. Mi ò tíì gbọ́ ibi tí ẹ̀rín ti pa arúgbó.

Ọjọ́ Ajé, 22

Ohun tí mo rò: ẹ̀rín.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó fi fẹ́ pa mí. Mo dé kí aago mẹ́jọ tó lù, mo bẹ ọkùnrin sítọ́ọ̀ pé kó wá dúró ní kíláàsì. Kò fẹ́ wá. Ó wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ọkàn mi ń lù débi pé mo rò pé wọ́n ń gbọ́ ọ. Mo di tábìlì mú.

Mo ní, "Ìyẹ̀fun ọ̀sẹ̀ tó kọjá ò bàjẹ́. Òjò ló rọ̀, ó fa omi mu. Ọwọ́ mi sọ fún mi, mi ò gbọ́ràn sí ọwọ́ mi lẹ́nu. Mo tẹ̀ lé ìwé torí mi ò fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò kàwé. Nígbà tó bàjẹ́, mo gbé ẹ̀bi rẹ̀ lé ọkùnrin yìí lórí. Irọ́ ni mo pa."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo dúró dè é. Oníbéèrè nawọ́. Mo ní nínú mi pé ó ti dé.

Ó ní, "Màmá, báwo ni ọwọ́ ṣe ń mọ̀ ọ́n?"

Mo wò ó bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Mo ní kí wọ́n gbé àpò méjì wá, ọ̀kan tó wà nílẹ̀ sítọ́ọ̀, ọ̀kan tó wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Mo ní kí wọ́n dijú, kí wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Méjìlá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó tutù tó sì ń dì mọ́ra bí o bá fún un, èyí tó ń yọ́ gba àárín ìka lọ. Ọmọkùnrin kan ní òun ò rí ìyàtọ̀. Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, ó wá sọ pé "Háà" bíi pé ẹnì kan gún un ní abẹ́rẹ́. A pò ó, a dín omi kù, búrẹ́dì méjìlá gbéra bí ẹni tó jí láti ojú oorun.

Mo tẹ̀ lé ọkùnrin sítọ́ọ̀ lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá, mo tún sọ òótọ́ náà níbẹ̀. Wọ́n fagi lé ìwé tí wọ́n kọ sí i lójú mi. Mo kúnlẹ̀ fún ọkùnrin náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sáré gbé mi dìde, ó ní àgbà kì í kúnlẹ̀ fún òun. Ṣùgbọ́n kò tíì túra ká. Ó ní, "Màmá, ẹ ti fà mí yọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ kọ́kọ́ tì mí wọlé." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo jẹ búrẹ́dì nígbà tí mo délé, odindi ìdajì. Mo sùn ní ọ̀sán bí ọmọ ọwọ́.

Ọjọ́bọ̀, 25

Mo lọ fẹjọ́ sun Elétí. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ Ajé, àyà mi tún já ní Ọjọ́rú! Mo rò pé ó ti lọ. Ó ní òun ò sọ fún mi rí pé ó máa lọ pátápátá. Mo ní kí wá ni iṣẹ́ rẹ̀? Ó ní bí ẹ̀rù bá wọlé, kí n fún un ní àga lẹ́yìn kíláàsì, kó jókòó, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Mo ní àga ò tó ní kíláàsì wa. Ó ní kó dúró nígbà náà.

Ọjọ́rú, 1 oṣù Keje

Ìyẹ̀fun tún gbówó lórí. Àpò kan ṣoṣo la fi ń ṣe é lọ́sẹ̀. Mo ní kí wọ́n máa pò ó ní méjì-méjì. Wọ́n ń jà nídìí ẹ̀. Ìjà dáa, wọ́n fẹ́ pò ó ni.

Ọjọ́ Ajé, 6

Oníbéèrè tún béèrè. Ó ní a ò tíì dé ibi tí ìyẹ̀fun ti ń wú. Mo mí kanlẹ̀. Mo ní, "Mi ò mọ̀. Bí o bá mọ̀ ọ́n, sọ fún wa."

Mi ò sọ "mi ò mọ̀" lójú èèyàn rí láyé mi, àfi lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá. Òrùlé ò já lulẹ̀. Oníbéèrè ní àwọn nǹkan tíntìntín kan wà nínú yíìsì, abẹ̀mí ni wọ́n, wọ́n ń jẹ ìyẹ̀fun, èémí wọn ló ń gbé e sókè. Èmi tí mo ti ń bọ́ wọn láti ọdún méjìdínlọ́gọ́ta! Mo ní nítorí náà ni wọn ò fi fẹ́ràn òtútù. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Mo ní nítorí náà ni iyọ̀ púpọ̀ fi ń pa wọ́n. Ó ṣíwọ́ kíkọ, ó ní ìyẹn ò sí nínú ìwé tí òun kà.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó dúró bá mi nu tábìlì. Ó ní yunifásítì tí òun lọ, lójoojúmọ́ ló ń ṣe òun bíi pé wọ́n ṣèèṣì gba òun wọlé ni, nítorí ẹ̀ lòun fi ń béèrè, kí wọ́n má baà rò pé òun ò mọ nǹkan. Mo jókòó. Mo ní, "Ìwọ?" Ó ní, "Èmi, Màmá." A wo ara wa. A rẹ́rìn-ín títí ọkùnrin sítọ́ọ̀ fi yọjú wò wá. Ó rẹ́rìn-ín tiẹ̀ náà, díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9

Mo ní kí Elétí bomi rin òdòdó rẹ̀. Ó ní òdòdó rọ́bà ni.

Ọjọ́bọ̀, 16

Àwọn alábẹ̀wò dé, obìnrin kan tó gbé fáìlì àti ọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú ooru. Àyà mi já lẹ́ẹ̀kan nígbà tí wọ́n wọlé. Mo ní kí ẹ̀rù náà lọ dúró lẹ́yìn. Ọwọ́ mi gbóná.

Ilẹ̀ gbẹ, ọjọ́ márùn-ún ni òjò ò rọ̀. Àwọn ọmọ ki ọwọ́ bọ àpò láìjẹ́ pé mo sọ fún wọn, wọ́n sì fi omi kún ti inú ìwé, oníkálukú bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe wí. Oníkóòtù ní kí ló dé tí omi wọn ò dọ́gba pẹ̀lú ti ara ògiri. Ọmọkùnrin tó ki ọwọ́ bọ àpò lẹ́ẹ̀mẹrin ló dá a lóhùn kí n tó la ẹnu. Ó ní, "Ẹ bọ́ kóòtù, sà. Ẹ fọwọ́ kàn án." Mo rò pé a ti gbé. Ọkùnrin náà wo ojú mi. Mo ní kó ṣe bí ọmọ ṣe wí. Ó bọ́ kóòtù.

Obìnrin náà bi mí pé ibo ni mo kàwé dé. Mo ní, "Kíláàsì kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún méjìdínlọ́gọ́ta nídìí ààrò." Ó ní kí n tún un sọ, òun ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo tún un sọ, mo rọra sọ ọ́, kó lè kọ ọ́ dáadáa.

Ọjọ́rú, 22

Èsì dé. Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó na ọwọ́ láti kà á fún mi. Mo ní kó gbé e wá. Mo fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo pẹ́ lórí rẹ̀, ó tó àkókò tí èèyàn fi ń mu tíì tán. Ọ̀gá ń wo aago, kò kán mi lójú, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú mi.

Wọ́n ní kíláàsì náà máa tẹ̀ síwájú. Wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ iṣẹ́ wọn. Lábẹ́ rẹ̀ wọ́n kọ ọ́ pé: "Olùkọ́ náà kò kàwé púpọ̀." Wọ́n lu òǹtẹ̀ ìjọba sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ohùn mi ni mo fi kà á jáde. Mo tún un kà, "Olùkọ́ náà", kó lè dá mi lójú pé ohun tí mo rí ni. Ọ̀gá wúkọ́, ó ní kí n má kà á sí, òun máa bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Mo ní kí wọ́n má yọ ọ́. Mo ní òótọ́ ni.

Ó bi mí pé àpò ìyẹ̀fun mélòó la máa lò ní sáà tó ń bọ̀. Mo ní mẹ́wàá. Ó ní mẹ́wàá ti pọ̀ jù. Mo ní kò pọ̀.